Abẹ́rẹ́ fítámínì nílé: kí ló dé tó ń dùn mí, tí itan mi sì ń dúdú?

Ìyá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn náà ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lo metformin. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí jó mi, ó sì máa ń kú lóru. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní fítámínì B12 mi ti lọ sílẹ̀, ó sì kọ abẹ́rẹ́ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi bí mo ṣe lè máa gún un fúnra mi sí itan, nítorí owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ ọsibítù ti pọ̀ jù. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti ń dùn mí. Bí oògùn náà bá ṣe ń wọlé báyìí ni yóò máa ta mí, ó sì máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó rọlẹ̀. Ojú ibẹ̀ á dúdú, á fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, á sì le. Ọmọ mi ní kí n máa fi Aboniki ra á. Aládùúgbò mi ní ìdí ni kí n máa gún un sí, pé ibẹ̀ ni ẹran pọ̀ sí. Ẹni tó tà á fún mi ní bóyá ayédèrú ni, kí n ra èyí tó wọ́n ju ìyẹn lọ. Ó ti sú mi. Ṣé kí n dá a dúró ni? Mo tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àsìpírínì kékeré. Yẹ́lò ni omi oògùn abẹ́rẹ́ náà, mílì 2 ni mo ń fà.”

Màmá, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè gbójúgbóyà ki abẹ́rẹ́ bọ itan ara rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rù méjì ni mo gbọ́: ẹ̀rù pé ẹ ń ṣe ara yín léṣe, àti ẹ̀rù pé oògùn tí kò dára ni wọ́n tà fún yín. Ẹ wá so ìrora, ojú dúdú àti líle náà pọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ló fa gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú kó ta yín yàtọ̀ sí ohun tó ń mú kó dúdú, èyí tó sì ń mú kó le lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Ẹnìkan lè gba abẹ́rẹ́ tí yóò dùn ún wọ eegun, kí ojú ibẹ̀ má sì yí padà rárá. Ẹlòmíràn kò ní mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, àmọ́ tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, itan rẹ̀ ti dúdú. Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa mú wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ parí sí, nítorí ibẹ̀ lojú mi dúró sí. Ẹ ní yẹ́lò ni oògùn náà. Fítámínì B12 kì í ṣe yẹ́lò, pupa ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ jáde láti ara ẹ̀dọ̀ ẹran ní 1948, horo wẹ́wẹ́ pupa ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ì báà jẹ́ hydroxocobalamin tí wọ́n ń lò jù ní London, ì báà jẹ́ cyanocobalamin tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ bá gbé ìgò rẹ̀ sókè síbi iná, pupa fòò ni ẹ ó rí, mílì 1 tó ní míligíráàmù 1 ló sì sábà máa ń jẹ́. Èyí tó bá yẹ́lò, tó sì jẹ́ mílì 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé B complex ni: B1, B2, B6 àti nicotinamide, nígbà mìíràn kí wọ́n fi B12 bíńtín kún un. B2 ló ń sọ ọ́ di yẹ́lò, òun náà ló sì ń yí àwọ̀ ìtọ̀ padà lẹ́yìn tí èèyàn bá gbà á.

Ẹ tún ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìrora bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ bi yín: ṣé kì í ṣe ọsibítù ló fún yín ní ti ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tí ẹ wá fi ẹsẹ̀ ara yín lọ ra ìyókù? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ti mú olè àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tó ń wá sí yàrá abẹ́rẹ́. Dókítà á kọ B12 sínú ìwé, aláìsàn á dé ilé ìtajà oògùn, á ní òun fẹ́ “abẹ́rẹ́ fítámínì B”, wọ́n á sì kó B complex fún un, nítorí òun ló pọ̀ lórí àtẹ, òun ló sì dínwó. Ẹni tó tà á lè má ní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ohun tí aláìsàn bi í ló tà fún un.

B complex máa ń ta. Omi rẹ̀ kan, B1 inú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á, bó bá ti ń tàn kálẹ̀ nínú ẹran ni yóò máa jó. Mílì 2 tún ni, ẹran ní láti ya fún un kí ó tó ráyè dúró sí. Ṣùgbọ́n ìrora kọ́ ló ń dà mí láàmú jù níbẹ̀. Bí B complex bá ni ẹ ti ń gbà láti ọ̀sẹ̀ kẹta, B12 tí dókítà fẹ́ kó wọ ara yín kò tíì wọ̀ ọ́ tó. Ẹ ń jẹ ìyà abẹ́rẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń jó lọ. Mi ò rí ìgò yín o, mi ò sì ní fi àwọ̀ nìkan dá ẹjọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ẹ wọ awò ojú yín, kí ẹ wá orúkọ tó parí sí cobalamin, kí ẹ sì wò ó bóyá òun nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí thiamine tàbí riboflavin, B1 àti B2 nìyẹn. Ọ̀kan tún wà tó pupa, tó jẹ́ B1 àti B6, míligíráàmù 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n pò pọ̀ mọ́ B12. Òun náà máa ń ta. B6 tó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ sì lè ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ torí ẹ̀ lọ rí dókítà gan-an. Nítorí náà, kí wọ́n má kàn fi pupa tàn yín.

Ó wá kan dúdú. Abẹ́ awọ àti inú ẹran itan kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, kò sì sí nọ́ọ̀sì náà láyé, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, tó lè yẹra fún gbogbo wọn. Bí abẹ́rẹ́ bá gba inú ọ̀kan kọjá, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á jò síta, á sì dì sábẹ́ awọ. Lára ẹlòmíràn, kò ní ju orí ìka lọ. Ṣùgbọ́n àsìpírínì wà lára yín. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, kò sì mọ̀ pé ọkàn nìkan la ní kó lọ ṣọ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ì bá ti dúró láàárín ìṣẹ́jú kan, tiyín á ṣì máa jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ awọ, lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó tán, tí ẹ ti dìde lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Èyí nìkan tó láti sọ ojú abẹ́rẹ́ kékeré di ohun tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má torí ẹ̀ dá àsìpírínì dúró o! Ẹni tó ní kí ẹ máa lò ó mọ ìdí, ojú dúdú lórí itan kò sì tó ohun tí à ń fi wé rọpárọsẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe ni kí ẹ fi òwú gbígbẹ tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, láìra á, láìṣí i wò. Kí ẹ tún ro ohun mìíràn tí ẹ lè máa lò pẹ̀lú rẹ̀: ibuprofen tàbí diclofenac fún orúnkún, àgbo tàbí àgúnmu aáyù, kápúsù epo ẹja. Àwọn wọ̀nyẹn lè bù kún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí dídúdú yìí tí wọn kì í sábà sọ fún wa. Àwọn ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sọ pé á kọ́kọ́ pọ́n, á di búlúù, á bọ́ sí àwọ̀ ewé, kó tó wá yẹ́lò. Awọ òyìnbó ni ẹni tó kọ ọ́ ń wò. Lára awọ tiwa, dúdú náà á kàn kí sí i, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ṣí díẹ̀díẹ̀. Pípọ́n tí wọ́n ní ká fi mọ̀ pé kòkòrò ti wọ ojú abẹ́rẹ́ náà lè má hàn rárá. Nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ sì fi kan ojú kan náà lára itan kejì. Ṣé ó gbóná ju ìyẹn lọ? Ẹ fi báírò fa ìlà yí etí dúdú náà ká. Lọ́jọ́ kejì, ṣé ó ti kọjá ìlà? Ojú dúdú lásán kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa rọ̀, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sì fi ń lọ. Bí irú rẹ̀ bá ń yọ ní ibi tí abẹ́rẹ́ kò dé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì yín nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kíá. Àìtó B12 tó bá le gan-an lè dín èròjà tó ń dí ojú ẹ̀jẹ̀ kù.

Líle ńkọ́? Apá kan rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn, apá kejì sì lè wá láti ara abẹ́rẹ́ tí ẹ ń lò, tí ẹ kò sọ fún mi. Sírínjì mílì 5 tó wà káàkiri sábà máa ń bá abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé wá: nọ́ḿbà 21, ó nípọn tó mílímítà 0.8. Ti mílì 2 sábà jẹ́ aláwọ̀ búlúù, nọ́ḿbà 23, mílímítà 0.6. Aláwọ̀ ọsàn ni 25, mílímítà 0.5. Bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i, èyí tó máa ń da èèyàn lójú rú. B12 ṣàn bí omi, kò nílò abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé rárá. Búlúù tó gùn ní mílímítà 25 ti tó fún itan ẹni tí kò sanra púpọ̀, ẹni tó bá sanra dáadáa sì nílò èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á wá èyí tó kúrú jù lọ, wọ́n rò pé kúkúrú ni kò ní dun àwọn. Abẹ́rẹ́ tó kúrú jù kò ní dé inú ẹran, inú ọ̀rá ni yóò dúró. Oògùn tó ń ta bí B complex, tó bá jókòó sínú ọ̀rá, á di kókó, kókó náà á sì pẹ́ kó tó yọ́. Ohun kan tún kù: abẹ́rẹ́ tí ẹ fi gún rọ́bà ìgò oògùn, ẹ yọ ọ́ sọnù, kí ẹ fi tuntun sí i kí ẹ tó gún ara yín. Ẹnu rẹ̀ ti kú díẹ̀ lára rọ́bà, oògùn sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìyẹn ni yóò sì kọ́kọ́ ta awọ.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá fẹ́ gún ẹnikẹ́ni ní itan, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹnu lè máa sọ pé “Nọ́ọ̀sì, kò séwu, ẹ máa gún un lọ”, nígbà tí ìka ẹsẹ̀ ti ká mọ́lẹ̀ bí ti ẹyẹ tó di ẹ̀ka igi mú. Bí ìka bá ti ká, itan ti le nìyẹn, ẹran tó bá le kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọlé nírọ̀rùn, kì í sì í jẹ́ kí oògùn tàn ká inú rẹ̀. Ẹni tó ń gún ara rẹ̀ ló máa ń le jù, nítorí òun ló mọ ìṣẹ́jú tí abẹ́rẹ́ ń bọ̀. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn ti pátákó ibùsùn. Ẹ má gún un lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ gún, ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kó má gbé ìwúwo kankan, kí ẹ máa jo ìka rẹ̀ sókè sódò títí tí ẹ ó fi rí i pé ẹran itan ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Ẹ fa èémí sínú. Ìgbà tí ẹ bá ń mí síta ni kí abẹ́rẹ́ wọlé.

Ẹ̀rù sì máa ń jẹ́ ká ṣe ohun gbogbo lódìkejì. A ó máa ti abẹ́rẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, bó bá ti wọlé tán, a ó ti oògùn gììrì kí wàhálà lè tán. Abẹ́rẹ́ tó ń rá wọlé ló ń dun awọ, oògùn tó ń ya wọlé ló ń dun ẹran. Kí abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dúró tààrà láìfì síbì kan. Kí oògùn wá rọra wọlé, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ẹẹ́wàá fún mílì 1, kí ẹ tún ka mẹ́wàá mìíràn lórí ìdákẹ́jẹ́ kí ẹ tó fà á jáde bó ṣe wọlé. Spírítì tí ẹ fi nu awọ, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gún un. Bó bá ṣì tutù, abẹ́rẹ́ á gbé e wọlé, èyí tó ń ta nínú ìyẹn kì í ṣe oògùn. Bí inú fíríìjì ni oògùn ti jáde, ẹ kọ́kọ́ dì í mọ́ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ibi tí ẹ ó gún un sí ni ẹ̀gbẹ́ òde itan, láàárín gbùngbùn. Ẹ gbé ọwọ́ kan lélẹ̀ lókè orúnkún, kí ẹ gbé èkejì sí ìsàlẹ̀ egungun ìbàdí tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, àárín ọwọ́ méjèèjì ni àyè yín. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ inú itan, ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá nìyẹn. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún a máa gún itan ọ̀tún nìkan, ojú kan náà lọ́sẹ̀ gbogbo, nítorí ibẹ̀ lọwọ́ ti mọ́ ọn lára, bẹ́ẹ̀ ojú tàná kò tíì san. Ní ti fífa sírínjì sẹ́yìn láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á wá, àwa àgbà nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kọ́. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò pọn dandan mọ́ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní apá àti ní itan, nítorí kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ní ojú ibi tí wọ́n ń gún, fífà náà sì ń dá kún ìrora. B12 kì í ṣe àjẹsára, mi ò sì ní bá nọ́ọ̀sì tó kọ́ yín jà. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń fà á, abẹ́rẹ́ ń rìn nínú ẹran nìyẹn, ó sì ń ya iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ bó ti ń lọ. Ẹ bi í bóyá ẹ lè fi sílẹ̀.

Aládùúgbò yín tó ní kí ẹ máa gún un sí ìdí, inú rere ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹran pọ̀ níbẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára tó tóbi jù lọ nínú ara náà gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, ó nípọn tó ìka ọwọ́, ẹni tó bá sì ń yí ara rẹ̀ lọ́rùn wo ẹ̀yìn kò lè mọ ibi tó wà. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ìrora náà á ta bí iná mànàmáná dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ẹsẹ̀ lè kú, kó máa wọ́lẹ̀, kí bàtà máa bọ́ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Àwọn ọsibítù wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa lára àwọn ọmọdé tí wọ́n gún ní ìdí nígbà ibà. Àwọn kan padà rìn dáadáa, àwọn kan kò rìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Lára ẹ̀yin tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín ti ń kú tẹ́lẹ̀, ẹ lè má tètè mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Itan ni, tàbí kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n gún un fún yín sí apá.

Ti Aboniki kò gùn. Ẹ má fi ra á, ẹ má fi Robb ra á, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣí sí i nígbà tí à ń bẹ̀ ẹ́ kó pa dé, rírà sì ń ti ẹ̀jẹ̀ náà káàkiri. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rá omi tútù tí ẹ fi aṣọ wé, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ló dára. Bó bá di ọjọ́ kẹta, aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lè bá a rọ̀. Ẹ fi ọwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ dán an wò kí ẹ tó gbé e sí itan, nítorí awọ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má tètè gbọ́ ooru. Bó bá dùn yín, parasẹtámọ́ọ̀lù ni, kì í ṣe ibuprofen.

Lórí ọ̀rọ̀ ayédèrú: ó wà nígboro, mi ò ní parọ́ fún yín pé kò sí. Ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ ti ṣí rí, bóyá nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀. Ilé oògùn tó ní apòògùn tó forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Ṣùgbọ́n títa tí ó ń ta kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni, owó gọbọi kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Ẹni tó ní kí ẹ ra èyí tó wọ́n, òun náà ni yóò tà á fún yín.

Ṣé kí ẹ dá a dúró? Rárá, ẹ má dá B12 dúró láìbá dókítà sọ ọ́. Àìtó rẹ̀ tó bá pẹ́ lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ dé ibi tí oògùn kò ní lè tún un ṣe mọ́. Ẹ má sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní folic acid rọ́pò rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i, kí ojú yín sì mọ́lẹ̀, kí ìbàjẹ́ iṣan sì máa lọ lábẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ lè dá dúró láti òní ni oògùn yẹ́lò yẹn, títí ẹnìkan tó mọ̀ yóò fi ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà gan-an ni bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò ní èròjà tó ń gbé B12 wọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ rárá, tàbí tí wọ́n ti gé ikùn rẹ̀, ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń di dandan fún. Ti metformin yàtọ̀: ṣe ló ń dín B12 tí ara ń gbà láti inú oúnjẹ kù. Ìṣègùn kan wà tó jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì míligíráàmù 1, lójoojúmọ́. Bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, láìlo ọ̀nà tó ti bàjẹ́ yẹn, àmọ́ ìdá kan yẹn tó máíkírógíráàmù 10, nígbà tí àgbàlagbà kò nílò ju 2.4 lọ lóòjọ́. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn bíi tiyín, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní àléébù tirẹ̀: ẹni tó bá ń gbàgbé oògùn kò ní rí àǹfààní rẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń kú bí tiyín, ọ̀pọ̀ dókítà á fẹ́ fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó lè tètè kún ara kí wọ́n tó gbé e sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Bó bá sì jẹ́ cyanocobalamin ni wọ́n kọ, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè máa gún un sábẹ́ awọ. Abẹ́rẹ́ ibẹ̀ tín-ín-rín, ó kúrú, kò sì ní bá ẹran jà. Ẹ kò sì ní máa gún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí láé. Bó bá ti kún ara, oṣooṣù ló sábà máa ń dà, tàbí oṣù méjì mẹ́ta bó bá jẹ́ hydroxocobalamin.

Ibi tí mi ò ti lè ṣe ìlérí ni àtẹ́lẹsẹ̀ jíjó yẹn. Ìtọ̀ ṣúgà fúnra rẹ̀ ń fa irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, B12 kò sì lè wo ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kú ló ń wá B12. Ní nǹkan bí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti UCH, Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, ní abẹ́rẹ́ hydroxocobalamin, nínú ìwádìí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe nípa àìsàn tí wọ́n gbà pé májèlé inú ẹ̀gẹ́ ló fà á. Abẹ́rẹ́ náà kò mú ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ wá. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa máa fi mílì kún mílì nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá tètè san, nítorí àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń gbóná sí i lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tó ń wú, tó ń so oówo, tàbí tí ibà ń mú yín, ẹ lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró de ọjọ́ kẹta, nítorí ṣúgà kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ tètè san. Bí ara bá ń yún yín, tí ètè ń wú, tí èémí ń há lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ má dá nìkan wà nílé nígbà tí ẹ bá ń gún un. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò, ẹ má dé e padà, ẹ má sì jù ú sínú ìdọ̀tí ilé: inú gálọ́ọ̀nù oníke líle tó ní ìdérí ni kó wà, lókè tí ọwọ́ ọmọ-ọmọ kò dé, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù bó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé ìgò yẹ́lò náà, sírínjì tí ẹ ń lò tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò nílé, àgbo pẹ̀lú, lọ bá nọ́ọ̀sì tó kọ́ yín. Bí ẹ bá rí B12 gan-an gbà, ẹ gún ọ̀kan lójú rẹ̀, kó wo ìka ẹsẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ B12 pupa ni wọ́n fún yín lọ́tẹ̀ yìí, tó sì tún ń dùn yín tó ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sọ nọ́ḿbà abẹ́rẹ́ náà àti ojú ibi tí ẹ gún un sí gan-an.